Ta Ni Ó Ni Àwòrán Ilẹ̀? Bí A Ti Ṣe Ya Àwòrán Ihò Mammoth àti Ilẹ̀ Odò Green ní Kentucky



I. Ìfáàrà

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò ní àríyànjiyàn nínú, èyíinì ni yíya àwòrán ilẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní máàpù. Bí a bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, ohun tí ojú wa kọ́kọ́ ń rí ni òkè, odò, ọ̀nà àti ìlú. A kì í sábà bi ara wa pé ta ni ó rin ilẹ̀ náà kí àwòrán yìí tó wà, ta ni ó mú ẹni tí ó yà á dé ibẹ̀, àti pé kí ni wọ́n mọ̀ tí wọn kò fi hàn wá. Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni a ó fi mọ bí àwòrán kan ṣe ṣeé gbára lé tó.

Ibi tí mo yàn fún àpẹẹrẹ ni ilẹ̀ oko kan ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí Odò Green ti ń ṣàn láàárín àwọn òkè, tí ihò ńlá tí wọ́n ń pè ní Mammoth Cave sì wà lábẹ́ àwọn òkè náà. Ihò yìí ni ó gùn jù lọ nínú gbogbo ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ènìyàn tíì wọ̀n ní ayé. Èyí tí a ti wọ̀n nínú rẹ̀ ju máìlì 420 lọ, èyíinì ni pé ó ju kìlómítà 675 lọ. Àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé ní 1981. Mo yàn án nítorí pé ó ti lé ní 200 ọdún tí ènìyàn ti ń ya àwòrán ibẹ̀, àti nítorí pé ẹni tí ó ya èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú àwọn àwòrán náà jẹ́ adúláwọ̀, ẹrú sì ni nígbà tí ó yà á.

Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ kò ṣòro. Àwòrán ilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìmọ̀ àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn mọ ilẹ̀. Nígbàkigbà tí a bá pa orúkọ wọn rẹ́, tàbí tí a bá fi àwòrán náà pamọ́ nítorí ọrọ̀ ẹnì kan, ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń pàdánù. Ìtàn Mammoth Cave yóò jẹ́rìí sí èyí.

II. Bí ilẹ̀ náà ti rí

Kí a tó sọ̀rọ̀ àwòrán, ẹ jẹ́ kí á mọ ìrísí ilẹ̀ náà. Odò Green ń ṣàn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń lọ dà sínú Odò Ohio. Ní apá gúúsù, pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wà tí ọ̀fìn kún inú rẹ̀ káàkiri. Ẹni tí ó bá rin pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà yóò rí odò kékeré tí ó ń ṣàn lọ geere, tí yóò sì ṣàdédé rì wọ inú ilẹ̀. Láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí àti Odò Green ni àwọn òkè gbọọrọ wà. Òkúta oníyanrìn ni ó bo orí wọn bí òrùlé ti ń bo ilé. Òkúta ẹfun ni ó wà nísàlẹ̀. Omi òjò a máa gba ìkan díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ àti láti inú erùpẹ̀, ìkan náà ni ó sì ń jẹ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀. Òkúta oníyanrìn kò gbà á láyè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí òrùlé fi dúró nígbà tí inú ilé ti di ihò.

Bí Odò Green ti ń gbẹ́ àfonífojì rẹ̀ jìn sí i láti ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún wá, bẹ́ẹ̀ ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń wá ọ̀nà sísàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tí omi kọ́kọ́ gbà ti di gbọ̀ngàn gbígbẹ lókè. Èyí tí omi ń gbà lónìí ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí odò ti ń ṣàn nínú òkùnkùn. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò náà dà bí ilé alájà púpọ̀, tí ọ̀nà lọ́nà rẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá. Odò ni ó gbẹ́ ihò, odò náà ni ó sì ń pàṣẹ fún un títí di òní. Nígbà tí Odò Green bá kún, omi a máa padà wọ inú ihò. Nígbà tí wọ́n ṣe ìsédò kan sí odò náà nítòsí Brownsville ní 1906 kí ọkọ̀ ojú omi lè máa kọjá, omi inú ihò ga sókè pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí ó di 2017 ni wọ́n tó kó ìsédò náà kúrò.

Iṣẹ́ méjì ni ó wà níwájú ẹni tí yóò ya àwòrán irú ilẹ̀ yìí. Èkíní ni òkè ilẹ̀. Lórí àwòrán ìrísí ilẹ̀ tí ìjọba ń tẹ̀, a máa ń fa ìlà kan gba gbogbo ibi tí gíga wọn dọ́gba. Bí àwọn ìlà bá súnmọ́ ara wọn, òkè náà dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ọ̀fìn ni a ń fi ìlà tí ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ nínú hàn. Iṣẹ́ ńlá ni a ti ṣe ní apá yìí: láàárín 1960 àti 1978, a ya àwòrán irú òkúta tí ó wà ní gbogbo Kentucky, ìwé 707 ni ó sì gbà. Iṣẹ́ kejì ni abẹ́ ilẹ̀, níbi tí kò sí oòrùn, tí a kò lè gun orí òkè kan wo òmíràn, tí ènìyàn kò sì rí ju ibi tí fìtílà ọwọ́ rẹ̀ tàn dé lọ. Níbẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn láti mọ ilẹ̀ ju pé kí ẹnì kan fi ẹsẹ̀ tàbí àyà rẹ̀ lọ síbẹ̀, kí ó sì padà wá sọ.

III. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀

Àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a ń pè ní Indian láyé àtijọ́, ni ó kọ́kọ́ wọ ihò náà. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ síbẹ̀, tí wọ́n ń ha iyọ̀ àti àwọn èròjà mìíràn lára ògiri rẹ̀. Ògùṣọ̀ esùsú ni wọ́n fi ń ríran. Wọn kò fi ìwé sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n àjókù ògùṣọ̀ wọn ṣì wà nílẹ̀ nínú ihò, ibi tí àjókù náà dé ni a sì fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn dé. Ní ti èmi, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí ni àwòrán àkọ́kọ́ ti Mammoth Cave.

Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1812, ẹ̀tù ìbọn di ohun ọ̀wọ́n. Erùpẹ̀ ihò náà ní èròjà tí a fi ń ṣe ẹ̀tù, nítorí náà Charles Wilkins àti Hyman Gratz, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà nígbà náà, sọ ibẹ̀ di ibi iṣẹ́. Nǹkan bí 70 ẹrú ni ó ń wa erùpẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi igi tí a gbẹ́ nínú ṣe ọ̀pá omi láti ẹnu ihò wọlé, wọ́n sì fi pákó ṣe kòtò tí wọ́n ti ń fi omi sẹ́ erùpẹ̀ náà. Igi àti pákó wọ̀nyẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àkókò náà ni àwọn àwòrán tí a fi ìwé yà bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Èyí tí ó wà láti nǹkan bí 1810 jẹ́ èyí tí a fi ojú lásán díwọ̀n. Nahum Ward lọ síbẹ̀ ní 1815, ó sì tẹ ìròyìn àti àwòrán tirẹ̀ jáde ní ọdún kejì. Ní 1835, ẹnjiníà kan láti Cincinnati, Edmund F. Lee, fi ohun èlò ìwọnlẹ̀ wọn ihò náà, ó sì tẹ àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí ó ṣàlàyé rẹ̀.

A mọ orúkọ Ward, a mọ orúkọ Lee. Ṣùgbọ́n àwọn 70 tí ó fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì mọ ìdí ihò náà ju ẹnikẹ́ni lọ, orúkọ wọn kò sí lórí àwòrán kankan. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta.

IV. Stephen Bishop àti àwòrán rẹ̀

Ní 1838, amòfin kan tí ń jẹ́ Franklin Gorin, ará ìlú Glasgow ní Kentucky, ra ihò náà ní 5,000 dọ́là. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin ẹrú kan lọ síbẹ̀ láti máa fi ọ̀nà han àwọn àlejò. Stephen Bishop ni orúkọ rẹ̀, ọmọ nǹkan bí ọdún 17 sì ni. Gorin tún háyà ẹrú méjì mìíràn, Mat àti Nick Bransford, lọ́wọ́ olówó wọn. Àwọn mẹ́ta yìí ni ó di olórí amọ̀nà ihò náà.

Títí di ìgbà náà, ibi tí gbogbo ènìyàn ń dúró sí ni etí kòtò kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gbun Àìnísàlẹ̀, tí ó jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Àwòrán Lee dópin síhìn-ín ní apá ibẹ̀. Ní October 1838, Stephen àti àlejò kan gbé àkàbà dábùú ọ̀gbun náà, wọ́n sì fà lórí rẹ̀ kọjá sí òdì kejì. Lẹ́yìn ọ̀gbun yìí ni Stephen ti rí ọ̀nà tí ó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí àwọn odò abẹ́ ilẹ̀ wà: Odò Styx, àti èyí tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Odò Echo nítorí bí gbohùngbohùn ti ń dún nínú rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹja tí kò ní ojú wà, èyí tí ó mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú sí Kentucky.

Ní 1839, Gorin ta ihò náà fún oníṣègùn kan ní Louisville, John Croghan, ní 10,000 dọ́là. Stephen wà lára ohun tí a tà. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ kí á ro èyí. Ẹni tí ó ṣàwárí odò náà kò ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilẹ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ wà lára ẹrù tí ìwé ìtà kà sílẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà pé ó lè ní ohunkóhun. Síbẹ̀ ìmọ̀ ń bẹ nínú orí rẹ̀ tí olówó rẹ̀ kò lè rà láìjẹ́ pé ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ọ́ jáde. Àwọn àlejò ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé nípa wíwo bí àwọn ènìyàn ti ń fi èéfín àbẹ́là kọ orúkọ wọn sára àjà ihò. Orúkọ tirẹ̀ náà wà lára àpáta ibẹ̀ títí di òní.

Ní ìgbà òtútù ọdún 1842, Croghan mú Stephen lọ sí ilé ẹbí rẹ̀, Locust Grove, nítòsí Louisville. Níbẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, láìsí ihò níwájú rẹ̀ àti láìsí ìwé tí ó ń wò, Stephen ya àwòrán ihò náà láti inú orí rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845 nínú ìwé kan tí Alexander Clark Bullitt kọ nípa ibẹ̀, a sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Stephen Bishop, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀nà, ni ó yà á. Àwòrán yìí ni àwọn ènìyàn ń lò fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.

Àwọn kan ti sọ pé kò fi ìwọ̀n yà á bí ẹnjiníà ti ń yà á. Òótọ́ ni. Gígùn ọ̀nà lórí rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà bá gígùn rẹ̀ gan-an mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn biribiri, ohun tí ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ọ̀nà tí ó yà kúrò lára èyí tí òun wà, ẹ̀gbẹ́ wo ni ó yà sí, àti ibi tí ó já sí. Èyí ni àwòrán Stephen fi hàn dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí ó wà lórí rẹ̀ ni òun tìkára rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀. Lee fi ohun èlò wọn ibi tí a mú un dé. Stephen ya ibi tí kò sí ẹni tí ó lè mú òun dé.

Croghan kú ní 1849, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀ pé kí a dá àwọn ẹrú òun sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje. Stephen di òmìnira ní 1856. Ní 1857 ó kú. Kò sí àmì kankan lórí ibojì rẹ̀ títí di 1881, nígbà tí olówó kan láti Pittsburgh, James Ross Mellon, fi òkúta ìrántí ránṣẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta náà pé amọ̀nà àkọ́kọ́ àti olùṣàwárí ihò náà ni, ṣùgbọ́n 1859 ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó kú. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Síbẹ̀, ọkùnrin tí ó rántí ìkóríta gbogbo nínú òkùnkùn, ayé kò rántí ọdún tí ó kú.

V. Àwòrán tí a fi pamọ́

Ní 1908, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan láti Jámánì, Max Kämper, dé Mammoth Cave. Ó lo oṣù púpọ̀ níbẹ̀, ó wọn ihò náà, ó sì ya àwòrán nǹkan bí máìlì 35 nínú rẹ̀. Àwọn tí ó wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́rìí pé iṣẹ́ rẹ̀ péye gidigidi. Ẹni tí ó mú un rìn ni Ed Bishop, tí ó jẹ́ ìbátan Stephen Bishop. Ọgbọ́n ìwọnlẹ̀ ti ẹnjiníà àti ìmọ̀ ẹsẹ̀ ti amọ̀nà pàdé nínú àwòrán yìí, ìdí sì nìyí tí ó fi dára tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ṣì wà lára àwọn apá ihò tí wọ́n jọ ṣàwárí.

Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò jáde fún gbogbo ènìyàn. Ẹ̀rù ba àwọn tí ń bójú tó ihò náà. Bí a bá gbé àwòrán abẹ́ ilẹ̀ lé àwòrán òkè ilẹ̀, yóò hàn pé àwọn ọ̀nà kan ti kọjá ààlà ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ti wà lábẹ́ oko aládùúgbò. Aládùúgbò tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kí ó máa gba owó lọ́wọ́ àlejò. Nítorí náà wọ́n pa àwòrán náà mọ́. Kämper padà sí Jámánì, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ sì pa á ní 1916, láìjẹ́ pé ayé mọ ohun tí ó ṣe. Ohun tí wọ́n bẹ̀rù náà kò ṣàì ṣẹlẹ̀: ní 1921, George Morrison gbẹ́ ẹnu ọ̀nà tuntun sí ihò náà láti orí ilẹ̀ mìíràn. Fífi àwòrán pamọ́ kò dáàbò bo ọrọ̀ wọn. Ìmọ̀ nìkan ni ó dá dúró.

VI. Nígbà tí ìwọnlẹ̀ dé ilé ẹjọ́

Láàárín 1900 àti 1930, àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà rí i pé owó wà nínú ihò ju èyí tí ó wà nínú oko tábà lọ. Olúkúlùkù ń wá ihò lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1917, Floyd Collins, ọmọ àgbẹ̀ kan, rí ihò ẹlẹ́wà kan lábẹ́ òkè Flint Ridge. Ní 1925, níbi tí ó ti ń wá òmíràn, àpáta há a mọ́ inú ihò kan, ó sì kú síbẹ̀ lójú gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ọkùnrin mìíràn, Edwards, rí ihò kan tí wọ́n ń pè ní Great Onyx. Ẹnu rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì kọ́ ilé ìtura síbẹ̀. Ní 1928, aládùúgbò rẹ̀, Lee (ẹni yìí yàtọ̀ sí Lee ẹnjiníà), pè é lẹ́jọ́ pé apá kan nínú ihò náà wà lábẹ́ ilẹ̀ òun. Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe lè mọ̀? Lee kò ní ẹnu ọ̀nà. Edwards kò sì fẹ́ kí awọnlẹ̀ wọlé. Adájọ́ pàṣẹ pé kí àwọn awọnlẹ̀ wọ inú ihò náà. Ní 1929, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Kentucky fi ọwọ́ sí àṣẹ náà. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, Logan, kò gbà. Ó ní ẹni tí ó rí ihò, tí ó ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì ṣe làálàá lórí rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ni ín. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, a rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta apá tí Edwards fi ń gba owó ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Lee. Ní 1936, ilé ẹjọ́ ní kí a san ìpín èrè náà fún ẹbí Lee.

Ẹ kíyè sí agbára tí ó wà nínú ìwọ̀n. Kókó ẹjọ́ náà kò lè yanjú títí tí àwòrán fi wà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí náà pẹ̀lú: nígbà tí Edwards àti Lee ń jà lórí ẹni tí ó ni ihò, nínú Mammoth Cave tí ó wà nítòsí, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn amọ̀nà adúláwọ̀ ni ó ṣì ń mú àlejò rìn, kò sì sí ilé ẹjọ́ tí ó bi wọ́n pé kí ni ìpín tiwọn.

VII. Ìsopọ̀ ọdún 1972

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin gbà ní 1926 pé kí a sọ ibẹ̀ di ọgbà ìtọ́jú ti orílẹ̀-èdè. Ní 1941 ni a dá ọgbà náà sílẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé orí àwọn òkè náà kó kúrò. Ìran Bransford tí ó ti ń ṣe amọ̀nà láti 1838 kò rí iṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó kẹ́yìn nínú wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ó sì di 2004 kí ọmọ ìdílé náà kan tó tún wọ aṣọ amọ̀nà.

Ní àkókò yìí, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn àwọn ihò abẹ́ Flint Ridge, títí kan èyí tí Floyd Collins rí. Ìbéèrè wọn ni bóyá Flint Ridge àti Mammoth Cave so pọ̀ lábẹ́ àfonífojì tí ó là wọ́n láàárín. Lórí àwòrán òkè ilẹ̀, òkè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ìparí August 1972, Patricia Crowther, tí ara rẹ̀ kéré ju ti àwọn yòókù lọ, fà gba inú ihò tóóró kan tí kò sí ẹni tí ó lè gbà á kọjá tẹ́lẹ̀. Ní ìhà kejì, wọ́n rí orúkọ kan lára ògiri ẹ̀bá odò: Pete H, pẹ̀lú ọfà tí ó kọjú sí ìhà Mammoth Cave. Pete Hanson, ọ̀kan nínú àwọn ará àdúgbò tí ó ṣàwárí apá tuntun kan nínú Mammoth Cave ní 1938, ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Ní September 9, 1972, ẹni mẹ́fà tí John Wilcox jẹ́ olórí wọn la omi tí ó mù wọ́n dé àyà kọjá, wọ́n sì bọ́ sí Odò Echo, odò tí Stephen Bishop ti yà sínú àwòrán rẹ̀ ní 130 ọdún ṣáájú. Ihò méjèèjì di ọ̀kan, gígùn rẹ̀ sì di máìlì 144.4.

Ẹ rí i pé gbogbo ìmọ̀ àtijọ́ ni ó pàdé lọ́jọ́ náà: ihò ọmọ àgbẹ̀, ọfà amọ̀nà, odò ẹrú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

VIII. Aró nínú omi

Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò lè dé, tí omi nìkan lè gbà. Báwo ni a ó ṣe ya àwòrán ibẹ̀? Láàárín ọdún 1970 sí 1990, onímọ̀ òkúta kan nínú ọgbà náà, James Quinlan, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ lo aró. Wọ́n á da aró sínú odò níbi tí ó ti rì wọlẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì dẹ èédú àti òwú sí àwọn ìsun omi tí ó wà létí Odò Green láti mọ èyí tí aró náà bá jáde. Ní 1981, Quinlan àti Joseph Ray tẹ àwòrán kan jáde tí ó fi hàn bí omi abẹ́ ilẹ̀ gbogbo agbègbè náà ti pín, àti ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń já sí.

Àwòrán yìí kan ìlera ènìyàn. Ìlú kan wà ní ẹ̀bá ọgbà náà tí ń jẹ́ Horse Cave, tí ihò àti odò wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni omi ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ fi ń wọ inú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ti ihò náà mọ́ àlejò ní 1943. Aró fi hàn pé ohun tí ìlú dà sílẹ̀ kì í parẹ́. Ó ń gba abẹ́ oko àwọn ẹlòmíràn lọ jáde ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìsun létí Odò Green. Nígbà tí a kọ́ ilé ìtọ́jú omi ìdọ̀tí tuntun ní 1989, odò abẹ́ ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí mọ́, ihò náà sì ṣí fún àlejò padà ní 1993. Ààlà oko tí ó fa ẹjọ́ láàárín Edwards àti Lee, omi kò mọ̀ ọ́n. Àwòrán tí a ya tí a sì fi han gbogbo ènìyàn ni ó mú kí ìlú mọ ẹ̀bi rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe.

IX. Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti fi àwòrán mẹ́rin pàtàkì hàn yín. Ti Stephen Bishop, orúkọ ẹni tí ó mọ ilẹ̀ wà lára rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ fún ogójì ọdún. Ti Kämper, ó péye, ṣùgbọ́n a tì í mọ́ inú àpótí, kò sì ṣe ayé ní àǹfààní ní ìgbà tirẹ̀. Ti ilé ẹjọ́, ó pín owó, kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Ti aró, ó jáde ní gbangba, ó sì wo odò sàn. Bí a bá fi wọ́n wé ara wọn, a ó rí i pé pípéye nìkan kò tó. Àwòrán tí ó dára gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ àwọn tí ó tọ́ ọ sọ́nà, ó sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti lè rí i.

Mo fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní pàtàkì. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ ó gbé ohun èlò ìwọnlẹ̀ yín lọ sí ìletò kan tí ẹ kò dé rí. Ọdẹ kan, àgbẹ̀ kan, tàbí ìyá àgbà kan tí ó ń pọn omi, ni yóò fi ojú odò hàn yín. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni náà sínú ìwé yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ ọ́ sára àwòrán nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú ẹ̀dà kan padà fún un. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ìmọ̀ tí ó bá gbàgbé ẹni tí ó ti wá, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣìnà.

Ní Locust Grove, ní 1842, ẹrú kan jókòó ti ìwé funfun kan, ó sì ya ohun tí kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ̀ ọ́n ní ayé. Ohun tí òfin fi dù ú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ẹni tí ó ni àwòrán náà, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń dáhùn.